Gbèsè Tí A Jẹ Ọmọdé

Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ èyí ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Àwọn onílé àdúgbò wa ní Challenge, ní ìlú Ìlọrin, ni ó pe ìpàdé. Àwọn ni ó sọ̀rọ̀, àwọn ni ó sì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ yunifásítì ni mí, tí ó sì jẹ́ pé èdè ni mò ń kọ́, wọ́n ní kí n máa ṣe akọ̀wé fún wọn. Nígbà tí alága wí pé, "Akọ̀wé, kọ ọ́ pé gbogbo wa fẹnu kò," mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo tilẹ̀ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo kọ ni pé ilẹ̀ gbalasa tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni a ó kọ́ sí i, owó tí a bá sì ń rí níbẹ̀ ni a ó máa fi tún ohun tí ìjì bàjẹ́ ṣe.

Ẹni tí ó bá mọ Challenge yóò mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó ṣófo kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ibi òwò ni. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, mọ́tò ń fun fèrè, ọ̀kadà ń gba àárín ènìyàn kọjá, àwọn ọlọ́jà sì ti tẹ́ ọjà wọn dé etí títì. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, kí ó tó mọ orúkọ baba rẹ̀ pè dáadáa, yóò ti mọ bí a ti ń yẹra fún kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ilẹ̀ tí mò ń wí yìí kò tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Igi máńgòrò kan wà ní igun rẹ̀. Kò sí jangirọ́fà níbẹ̀, kò sí àga, kò sì sí àgbà kankan tí ó yà á sọ́tọ̀ fún eré. Àwọn ọmọ ni ó yàn án fúnra wọn. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin a bọ́ sálúbàtà wọn sílẹ̀ láti fi ṣe òpó góòlù, àwọn ọmọbìnrin a fi igi fa ìlà ṣúwè sórí ilẹ̀, àwọn tí kò tíì mọ eré kankan a jókòó sínú yanrìn, wọn a máa bù ú láti ìhín sí ọ̀hún. Láti ojú fèrèsé yàrá mi ni mo ti máa ń wò wọ́n. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo máa ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbádùn.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í ṣe àlejò ní Ìlọrin. Lọ́dọọdún, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìjì ni ó máa ń kọ́kọ́ rán wá. Èyí tí mò ń sọ yìí jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì jà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó ṣí páànù orí ilé méje, ó wó ògiri kan, ó sì fa igi máńgòrò náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. A dúpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì olúkúlùkù ń palẹ̀ mọ́. Níbo ni ènìyàn yóò sì kó páànù tí ó ti ká kò, igi àjà tí ó dá àti búlọ́ọ̀kù tí ó fọ́ sí, bí kò ṣe ibi tí ó ṣófo? Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ilẹ̀ náà ti di ààtàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni a ṣe ìpàdé tí mo sọ.

Ta ni yóò dìde nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kí ó wí pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Opó kan wà ní ilé kẹta sí tiwa tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n ta sórí yàrá náà, abẹ́ ọ̀rá yìí sì ni òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ń sùn. Òun náà wà ní ìpàdé, ó jókòó sí ẹ̀yìn, kò sọ ohunkóhun. Bí mo bá wí pé kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún eré, ojú wo ni n ó fi wò ó? Nígbà tí mo délé tí mo sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ yìí náà! Òjò ń pa ọmọ, o ń wá ibi tí yóò ti máa fò sókè." N kò rí èsì fọ̀ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún ọ̀rẹ́ mi níbi tí ó ti jàre. Òkú kì í ṣeré. Ní òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2025, omi ya wọ Mokwa, ìlú tí gbogbo ẹni tí ó bá ti Ìlọrin gba Jẹ́bà lọ sí Òkè Ọya mọ̀. Ó lé ní 150 ènìyàn tí ó kú, àwọn ọmọ kéékèèké sì pọ̀ nínú wọn. Ní òwúrọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń dárúkọ jangirọ́fà, orí rẹ̀ kò pé. Oúnjẹ, omi mímu, oògùn àti ibi tí a ó sùn, ìwọ̀nyí ni ó ṣáájú, kò sí àní-àní. Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ ní òwúrọ̀ yẹn, n kò ní ohun tí n ó sọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òwúrọ̀ náà, ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, oṣù ń bọ̀, ọdún ń bọ̀, a ó sì máa wí pé eré ṣì lè dúró. Mo fẹ́ bi wá léèrè pé: ṣé lóòótọ́ ni ó lè dúró?

Gbèsè kò rí bákan náà. Bí mo bá jẹ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún náírà tí n kò sì san án títí ọdún mẹ́wàá, mo ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo bá san án, ọwọ́ rẹ ni owó náà yóò bọ́ sí. Bí afárá bá wó tí ìjọba kò sì tún un ṣe títí ogún ọdún, ẹni tí ó ti ń fẹsẹ̀ la omi kọjá láti ogún ọdún wá yóò gba orí afárá náà kọjá ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Ìyà ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dúró dè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Eré ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó lọ. Kì í ṣe pé ó kú. Ó dàgbà ni. Ní ọjọ́ tí a bá mú owó dé, ọmọ ẹlòmíràn ni a ó bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ àbúrò ìyá mi ni ó jẹ́ kí èyí yé mi. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ọdún méje ni ó jẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí òkú sùn, tí ilé ń wó, tí mọ́tò sì ń léfòó lójú omi bí igbá. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ náà títí di òní. Ẹni tí kò tilẹ̀ tíì dáyé nígbà náà mọ ìtàn Omíyalé. Nínú ohun tí omi náà bàjẹ́ ni ọgbà Agodi wà. Ọgbà ẹranko àti ewéko ni nígbà náà, láti ọdún 1967 ni ó sì ti wà. Ibẹ̀ ni òbí máa ń mú ọmọ lọ ní ọjọ́ ìsinmi. Omi gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko náà lọ. Ó di ọdún 2012 kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọgbà náà ṣe, iṣẹ́ náà sì parí ní 2014. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín 1980 sí 2014. Ọmọ ọdún méje ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ó mú èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ibi tí ó dára ni, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: igi wà, omi wà, ibi tí ọmọ lè sáré dé kò lóǹkà. Ó san owó ní ẹnu ọ̀nà, a wọlé, àwọn ọmọ fò lọ. Òun jókòó. Ó ní, "Bàbá mi ṣèlérí fún mi pé bí wọ́n bá ti tún ibí yìí ṣe báyìí, a ó padà wá. Mo ń bi í léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, n kò bi í mọ́." Mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn pé àwọn ọmọ tirẹ̀ rí i. Ó ní inú òun dùn púpọ̀. Ó sì tún wí pé, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n dá a padà fún."

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Omi tí wọ́n sé sí Alau ya, ó lé ohun tí ó ju 400,000 ènìyàn kúrò nílé, ó sì wọ ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi. Àwọn alábòójútó ọgbà náà ní ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹranko tí ó kú. Ọ̀nì àti ejò sì bá omi wọ ìgboro. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá ṣe ti Maiduguri bí a ti ṣe ti Agodi, ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje ní ọjọ́ náà yóò padà síbẹ̀ ní ọdún 2058.

Mo rò pé ara ohun tí ó ń dà wá láàmú ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ìdí ẹ̀kọ́ mi. "Eré ni mo ń bá ọ ṣe" ni ẹni tí ó ṣẹ ènìyàn fi ń bẹ̀bẹ̀. "Má fi mí ṣeré" ni ẹni tí inú ń bí ń wí. Ohun tí kò níláárí ni eré létí àgbà. Síbẹ̀, eré ni Hubert Ògúndé àti Dúró Ládiípọ̀ fi ayé wọn ṣe, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ayò tí bàbá àgbà ń ta lábẹ́ igi, eré ni. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì fi ọwọ́ da ọmọ ayò rú, a gbá a létí. Ó jọ pé eré tiwa nìkan ni ó ní láárí. Nígbà tí ó bá kan bojúbojú, òkòtó, àrìn àti ekùn mẹ́ran, a ní ọmọ ń fi àkókò ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé nínú wọn ni àwa náà ti mọ bí a ti ń kà á, bí a ti ń dúró de ẹni tí ó kàn, àti bí ènìyàn ṣe í gba ìjákulẹ̀ láìbá ẹni tí ó borí jà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́yìn ìjì wa ju ti ẹ̀kọ́ lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, mo rí i pé àwọn ọmọ ti padà sórí ààtàn náà. Wọ́n ń ṣe eré kan tí n kò rí rí. Ọmọkùnrin kan ń pariwo "húùù," ó ń sáré yí àwọn yòókù ká. Òun ni ìjì. Àwọn yòókù dúró ní méjì méjì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú sókè. Àwọn ni ilé. Bí ìjì bá ti fọwọ́ kàn wọ́n, wọn a tú ọwọ́ wọn, wọn a sì ṣubú lulẹ̀, ẹ̀rín a sọ. Lẹ́yìn náà wọn a dìde, wọn a tún ilé kọ́, ẹlòmíràn a di ìjì. Ọmọ opó yẹn, ọmọbìnrin bí ọdún mẹ́jọ, wà nínú ilé kan. Nígbà tí ìjì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọ̀, kò tú ọwọ́ rẹ̀. Ìjì ní kò ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Tiwa ní ìṣó." Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyá kan jáde, ó pariwo mọ́ wọn pé ṣé irú èyí ni wọ́n ń fi ṣeré, ó sì lé gbogbo wọn wọlé.

Èmi kò dá ìyá náà lẹ́bi. Páànù mímú wà nílẹ̀ níbẹ̀, ìṣó wà, ẹ̀rù sì ń ba òun náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwa àgbà ń ṣe ní ọjọ́ márùn-ún yẹn. Ẹnikẹ́ni tí o bá pàdé lọ́nà, ìtàn ìjì ni yóò sọ fún ọ: ibi tí ó wà, ohun tí ó gbọ́, bí páànù ṣe fò kọjá lórí rẹ̀. A sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, a sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sọ ọ́ lọ́jà, a tún pe ìpàdé láti sọ ọ́. Bí a bá sọ ọ́ tó, ó ń fúyẹ́ lọ́kàn wa. Ọmọdé kò ní ìpàdé. Kò ní ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ọ. Ilẹ̀ yẹn ni ìpàdé rẹ̀, eré yẹn sì ni ọ̀rọ̀ tí ó ní láti sọ. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omijé kò dí wa lójú débi tí a kò fi rí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí òkun sì ya wọ ìhà àríwá ìlà-oòrùn Japan ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilé onígbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́ fún àwọn tí kò nílé, orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó tẹ́jú wà. Ọdún bíi mélòó kan ni ó kọjá kí àwọn pápá wọ̀nyí tó padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ohun kan náà ni: ibi tí ọmọ ń lò, lójú àgbà, kò sí ẹni tí ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní ìlú Koriyama, ní ìpínlẹ̀ Fukushima, níbi tí ẹ̀rù ìtànṣán olóró kò jẹ́ kí òbí jẹ́ kí ọmọ fẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ ìta, àwọn ènìyàn kan kò dúró. Kí ọdún 2011 náà tó parí, wọ́n ti ṣí ibi ìṣeré ńlá kan sínú ilé, tí yanrìn wà nínú rẹ̀, tí ọmọ lè sáré kí ó sì gun nǹkan. Oṣù mẹ́sàn-án ni. Mo mọ̀ pé Japan lówó, Nàìjíríà kò lówó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án àti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, owó nìkan kò lè fa irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan rò pé ọ̀rọ̀ náà kánjú.

Bí ẹ bá sì ní owó ni, mo ní Amsterdam láti fi dá yín lóhùn. Ogun ni ó ba ìlú náà jẹ́, kì í ṣe omi, ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ ìyàtọ̀. Láti 1947, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ya àwòrán ilé fún ìjọba ìlú náà, Aldo van Eyck, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ibi ìṣeré sí gbogbo àyè tí ó ṣófo: igun òpópónà, ibi tí ilé ti wó, àárín ilé méjì. Kòtò yanrìn kan, irin mélòó kan tí ọmọ lè rọ̀ mọ́, òkúta tí wọ́n lè fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, àga fún ìyá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di 1978 irú ibi bẹ́ẹ̀ ti lé ní 700. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọgbà yíká. Ọmọ kò kan ilẹ̀kùn, kò san owó, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó wá padà lọ́la.

Àwa ní òwe kan tí inú wa máa ń dùn láti pa lẹ́yìn àjálù, pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe tí ó dára ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè pé ẹwà náà, ta ni ó wà fún? Èmi kò bá ọgbà Agodi jà nítorí owó ẹnu ọ̀nà. A ní láti san owó fún ẹni tí ń gbá ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé, nítorí pé a fẹ́ kí ohun tí a bá tún kọ́ ní ẹwà, a máa ń dúró de owó ńlá. Bí owó ńlá kò bá dé, a kì í ṣe nǹkan kan. Ní 2011, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, omi tún pa ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, ní 2014, Báńkì Àgbáyé yá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kápá omi ìlú náà. Fún afárá àti ojú odò, owó bẹ́ẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kò béèrè dọ́là. Ilẹ̀ tí kò ní ìṣó ni ó ń béèrè, àti pé kí a má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí odò bá sì wà, ilẹ̀ ṣíṣófo kì í tilẹ̀ ṣe ti ọmọ nìkan. Ìdí kan tí Ògùnpa fi pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé a kọ́ ilé dé etí rẹ̀, a sì da ìdọ̀tí sí i lọ́nà. Omi ní ibi tí ó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí bí ó bá kún. Bí o bá kọ́ yàrá síbẹ̀, yàrá náà ni yóò sùn. Bí pápá ni ó bá wà níbẹ̀, omi yóò wá, yóò lọ, a ó gbá ẹrẹ̀ kúrò, ọmọ yóò sì padà sórí rẹ̀. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń kọjá lórí odò Àsà nígbà òjò. A ń wá ibi tí a ó fi ọmọ sí, a ń wá ibi tí omi yóò gbà, ó sì lè jẹ́ ibì kan náà ni.

Nígbà tí mo ti ro gbogbo èyí, mo padà sí ìwé ìpàdé wa, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́. Nígbà náà ni mo rí ohun tí kò sí ẹni tí ó rí nínú wa lọ́jọ́ náà. A ní owó ṣọ́ọ̀bù ni a ó fi tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kì í mú owó wá kí a tó kọ́ ọ tán. Owó ìdá tí onílé kọ̀ọ̀kan yóò kọ́kọ́ mú wá fún búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì wà nínú ìwé náà, èmi ni mo kọ ọ́; owó náà tó láti ra páànù fún ilé opó yẹn lọ́la, kí ó sì ṣẹ́kù. Nítorí náà, kì í ṣe pé a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ nítorí kí opó lè rí òrùlé. A fi opó bojú ni. Kì í ṣe pé ẹnìkan pètepèrò rẹ̀. Ó dá mi lójú pé olúkúlùkù gba ohun tí ó sọ gbọ́. Àjálù a máa jẹ́ kí ohun tí a ti ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ jọ àánú.

Mo lọ bá alága ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n jókòó.

"Akọ̀wé, ṣé kò sí?"

"Kò sí, Alhaji. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo bá wá. Mo ní bóyá kí a fi ṣọ́ọ̀bù méjì sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí a sì kó ìyókù mọ́ fún àwọn ọmọ."

"Ìwọ ni o kọ ọ́ pé mẹ́fà."

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ páànù àti owó ìdá fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin, nítorí oníṣirò ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Níbo ni ìwọ ti ṣeré nígbà tí o wà ní kékeré?"

Mo ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ni.

"Pápá náà ńkọ́ báyìí?"

Mo ní wọ́n ti kọ́lé sí i láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin.

"O kò ha kàwé? O kò ha dé yunifásítì?"

Mo ní, "Mo kàwé, sà." N kò lè sọ fún un pé láti kíláàsì kẹrin náà ni mo ti ń jókòó sí ojú fèrèsé máa wo ìta, àti pé ọmọ tí ń jágbe mọ́ àwọn tí ń ṣeré, ìlara ni ó ń ṣe é. Ó wò mí títí. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, kò sí ẹni tí ó nílò láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òun, nítorí pé ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ó dákẹ́. Oníbàárà kan wọlé, ó sì dá a lóhùn.

Nígbà tí mo ń padà lọ sílé, mo yà lọ́dọ̀ opó náà, mo sì bi í léèrè ohun tí òun gan-an fẹ́. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n há sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Wọn kì í sùn mọ́ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ yẹn wà, bí wọ́n bá sáré tán, bí òkú ni wọ́n ń sùn." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi o, akọ̀wé. Àwọn ni wọ́n fẹ́ bo ilé mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù ni ìpàdé wa. Alága ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú ìwé náà dání, kí n sì kọ iye páànù tí mo ní owó ìdá náà lè rà sí ìwé ọ̀tọ̀, kí ojú gbogbo wọn lè rí i. Mo ti lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta á lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta.